Èkùrọ́ Inú Ìgbàjá

Ká ní ẹ bi Dókítà Jethro Àjíṣafẹ́ léèrè lọ́dún tó kọjá ni, ì bá sọ fún yín láìrẹ́rìn-ín pé kò sí aláìsàn tó lè purọ́ fún òun kó mú un jẹ. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà nídìí ilé ìwòsàn kékeré tó dá sílẹ̀ ní Ìlútítun, etí rẹ̀ sì ti kún. Ó ti rí bàbá tó búra pé ẹnu òun kò kan ògógóró rí, tí òórùn ògógóró sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ti rí ìyá àgbà tó ní òun ti lo oògùn òun tán, tí páálí oògùn náà sì yọrí níbi kókó ìró rẹ̀, odidi, wọn kò tíì tú u. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni dókítà máa ń wí, yóò sì fi ìka kan abẹ́ ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọjà han oníbàárà.

Nọ́ọ̀sì Judith, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, kì í dá a lóhùn. Obìnrin náà sanra, ó lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbádùn ara rẹ̀. Yóò kàn máa ká báńdéèjì rẹ̀ lọ.

Irọ́ tí dókítà kò kà sí irọ́ ni tirẹ̀. Bó bá fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, a ní, "Kò ní dùn ọ́ rárá." Bí àìsàn bàbá arúgbó bá le, a pe àkọ́bí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, a sọ bó ṣe jẹ́ fún un, a sì padà wá sọ fún bàbá pé ibà lásán ni. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Bí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń ṣe é nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹbí ṣe ń fẹ́ ẹ: kí wọ́n sọ òótọ́ fún ẹni tó dúró, kí wọ́n pa ìtàn fún ẹni tó dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Àjíǹde, ọlọ́kadà kan gbé Ìdáraolúwa wá láti abúlé kan ní Òṣoòrò, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra kó má baà já bọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Ìdára, ó ti parí ìwé mẹ́wàá, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣe púpurú kó tó di pé ilé ẹ̀kọ́ gíga pè é. Ibi tí wọ́n ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ ló ṣubú sí. Ìyá rẹ̀ ní òun kàn gbọ́ gbì, òun rò pé àpò ẹ̀gẹ́ ló já.

Salome lorúkọ ìyá náà. Ní gbogbo Òṣoòrò, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ra púpurú tó dára, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa júwe. Òun ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, tí yóò fún un, tí yóò mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ tuntun, tí yóò tò ó sórí àtẹ lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò ha dúdú náà kúrò, kó tó gún un. Obìnrin tó ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló wá gbé ọmọ tirẹ̀ wá báyìí, tí egungun èjìká ọmọ náà yọ lábẹ́ bùláòsì.

Dókítà di ọrùn-ọwọ́ Ìdára mú, ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹsẹ̀ arúgbó tó ń gun òkè. Ọwọ́ náà tutù bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán wà níta. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ibà, kò sí táífọ́ọ̀dù.

"Báwo lo ṣe ń jẹun?" ni dókítà bi í.

"Ààwẹ̀ ni mò ń gbà, sà."

Ìyá rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, ìgbéraga àti ẹ̀rù jọ wà lóhùn rẹ̀. "Ó gba ogójì ọjọ́ pé, Dókítà! Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Wòlíì wa ní kí àwọn àgbà máa wo àwòkọ́ṣe rẹ̀."

Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ti bí dókítà náà. Wòlíì ni bàbá rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, òun náà sì mọ ààwẹ̀ dáadáa, ó mọ ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìgbà tó ń parí. Ogójì ọjọ́ náà ti parí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní kí ìyá jọ̀wọ́ dúró níta díẹ̀, ó sì fa àga sún mọ́ ọmọ náà.

"Ìdára, ohunkóhun tó o bá sọ fún mi, àárín èmi àtìwọ ni. Màmá rẹ kò ní gbọ́."

Ọmọ náà wò ó, ó wò ó títí. Ó wo ilẹ̀kùn, ó tún padà wò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Oúnjẹ ń bà mí lẹ́rù, sà. Tí mo bá ti rí i, àyà mi á máa já. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"O káre tó o sọ fún mi," ni dókítà wí, òótọ́ sì ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí Judith ń fa omi sí ọmọ náà lára, dókítà pe Salome sí ẹ̀yìn ilé nídìí tánkì omi, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó kó oògùn tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn lé e lọ́wọ́. "Ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dà á sínú ògì rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀." Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Dókítà padà wọlé pẹ̀lú ìtura ẹni tó ti ṣoore. Ohun tó sọ fún Ìdára kò ju pé kó máa wá wọn ara rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ọjọ́rú dára fún un, nítorí pé ìsìn àárọ̀ àwọn obìnrin máa ń wáyé lọ́jọ́ náà, láti ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gba ilé ìwòsàn kọjá. Aṣọ funfun ló ń wọ̀ wá, sùtánà tó balẹ̀, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìgbàjá aláwọ̀ ojú ọ̀run lọ́rùn ìbàdí. Ní ilé ìwòsàn náà, ẹni tó bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ òkè, kó tú àpò rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí àdúrà pé kó bọ́ aṣọ funfun? Judith wo dókítà. Dókítà rántí ìkó tí bàbá rẹ̀ kó o lórí nígbà tó fi ọwọ́ ọmọdé fa ìgbàjá rẹ̀, ó sì mi orí. Wọ́n jẹ́ kó gùn ún bó ṣe wà.

Òṣùwọ̀n gòkè díẹ̀. Ọjọ́rú kejì, ó tún gòkè. Ìkẹta àti ìkẹrin, kò wẹ̀yìn. Dókítà ń kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ń súfèé. "Ẹ ò rí i?" ló ń sọ fún Judith. "Oògùn inú ògì yẹn ń ṣiṣẹ́ bí idán."

"Dókítà," ni Judith dáhùn, "òṣùwọ̀n ló ń sanra o. Ọmọ yẹn kò sanra."

Ó fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tójú rẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan kì í fẹ́ gbà pé ojú ẹlòmíràn ń rí i ṣáájú òun.

Ní Ọjọ́rú karùn-ún, nígbà tí Ìdára ti lọ tán, Judith wọlé, ó sì to nǹkan mẹ́ta sórí tábìlì dókítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Èkùrọ́ ni, tí wọn kò tíì pa.

"Mo gbá ọ̀kan nídìí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ kejì, mo sọ ọ́ nù," ló wí. "Mo gbá òmíràn lọ́sẹ̀ kẹta, mo fi í pamọ́. Mo ti ní mẹ́ta báyìí. Ọ̀pẹ kò sì hù nílé ìwòsàn yìí, Dókítà."

Dókítà wo èkùrọ́ náà. Ó rántí bí ìgbàjá ọmọ náà ṣe máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀, tí òun sì rò pé bí wọ́n ṣe ń dì í ní ìjọ wọn ni. Etí rẹ̀ gbóná. Ì bá sàn ká ní Judith rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rárá, ìyẹn ló sì dun dókítà jù. Ó fi fáìlì lu tábìlì. "Tó bá dé ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ojú mi àti ojú ìyá rẹ̀ ló ti máa tú ìgbàjá yẹn! Kí ó wá ṣàlàyé!"

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Judith wí. "Ẹni ẹ̀tẹ́ bá ba kì í padà wá o."

Kí Ọjọ́rú tó dé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Salome nìkan ló yọ lẹ́nu ọ̀nà, púpurú kan nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú. Kò tíì jókòó tó ti bọ́ sí èdè Ìkálẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde. Ọjọ́ Àìkú ni Ìdára bá òun nídìí ọlọ, tí òun ń lọ oògùn. Kò pariwo. Ó tọ́ ọ wò lórí ìka, ó lọ da ògì náà nù, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó dà á dé. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin àti dókítà lẹ jọ mọ̀ nípa rẹ̀, àbí?" Láti ìgbà náà kò fi ẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ òun jáde. Omi ẹ̀rọ nìkan ló ń mu.

"Ògì àárọ̀ yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, Dókítà," ló wí, omijé sì bọ́. "Mo wá fọwọ́ ara mi bà á jẹ́."

Dókítà na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó fi èkùrọ́ mẹ́ta náà hàn án, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Salome mú ọ̀kan, ó yí i wò. Ẹnu rẹ̀ là.

"Èkùrọ́ mi! Mo ti na ewúrẹ́ ilé wa títí lórí ọ̀rọ̀ yìí!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún, Judith náà kò lè mú un mọ́ra mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá gbé púpurú tó mú wá lé itan, ó sì fi ìkúùkù kàn án. Ó dún kókókó, bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Inú rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, Dókítà, mo máa ń yára gbé púpurú kúrò lórí iná. Tútù rẹ̀ wúwo, oníbàárà á gbé e lọ́wọ́, á rò pé òun jèrè. Ìyá ọkọ mi mọ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n gbé tiwọn wá, èyí táwọn náà ti yára yọ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n là á sí méjì lójú mi. Inú rẹ̀ tutù. Wọ́n ní, 'Salome, wo tèmi.' Ẹkún ni mo bú sí. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé tèmi wá."

Ó fi púpurú náà sílẹ̀ fún dókítà, ó lọ. Láti ìgbà tó lọ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, dókítà kò sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó mọ ohun tó yẹ kóun ṣe, ó sì ń wá ọ̀nà tí kò fi ní ṣe é. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí àgbà ọkùnrin, dókítà, jókòó níwájú ọmọ ọdún méjìdínlógún kó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó tún rántí bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù. Bí ọmọ yìí kò bá padà wá mọ́, kò sí òṣùwọ̀n kankan tó máa sọ fún ẹnikẹ́ni ọjọ́ tí ọkàn náà máa dúró.

Ọjọ́rú dé, Ìdára dé. Lóòótọ́, ẹnu ya dókítà pé ó wá. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, ìgbàjá. Kò kí ẹnikẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ, ó kọjú sí òṣùwọ̀n tààrà.

"Má tíì gùn ún," ni dókítà wí. "Jókòó, jọ̀wọ́. Ṣé kí Nọ́ọ̀sì dúró, àbí kí wọ́n jáde?"

Wọn kò bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó ronú díẹ̀. "Kí wọ́n dúró."

Dókítà dìde níbi àga rẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, ó wá jókòó lórí bẹ́ńṣì níbi táwọn aláìsàn máa ń jókòó sí.

"Ìdáraolúwa, mo purọ́ fún ọ. Mo ní màmá rẹ kò ní gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sọ fún wọn. Èmi ni mo fún wọn lóògùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi sínú ògì, kí wọ́n má jẹ́ kó o mọ̀. Má bínú sí wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo bẹ̀ ọ́."

Ọmọ náà kò gbé ojú sókè. Nígbà tó máa gbé e sókè, omijé ti kún ojú náà, omijé ìbínú sì ni. "Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún yín, sà. Mi ò sọ ọ́ fún Màmá. Mi ò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá."

Àwíjàre mẹ́rin ló sáré wá sẹ́nu dókítà lẹ́ẹ̀kan náà: pé ẹ̀mí rẹ̀ lòun ń wá, pé ìyá ni ìyá, pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, pé òun kò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì. "Òótọ́ lo sọ," ló wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

 Níta, ẹnì kan ń pe ọlọ́kadà. Judith ń wo àlàfo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.  Lẹ́yìn náà ni Ìdára dìde, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì tú ìgbàjá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpò aṣọ kan wà nínú rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ rán, ó mọ́ dáadáa. Ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Èkùrọ́ tú jáde wàràwàrà, wọ́n bo fáìlì, wọ́n yí kiri, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Tèmi náà nìyí," ló wí.

Kò sẹ́ni tó ka iye rẹ̀. Judith kàn bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n sínú abọ́ báńdéèjì, ó sì ń fa imú.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde. Nílé ẹ̀kọ́, Garawa ni wọ́n ń pè é, torí ó sanra nígbà náà. Kò sẹ́ni tó bú u rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ náà, àfìgbà tó gba ààwẹ̀. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Aṣọ ń tú lára rẹ̀, àwọn èèyàn ń yìn ín. "Nígbà tí ààwẹ̀ parí, gbogbo wọn ṣínu. Èmi ò lè ṣínu, sà. Mo ń sọ fún wọn pé mo ṣì ń gba ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbàdúrà kankan mọ́. Ebi nìkan ni." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ funfun. "Ṣé màá kú?"

Dókítà la ẹnu láti sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, bí a ti máa ń sọ ọ́. Ó pa á dé, ó tún un là. "Bó bá ń bá a lọ báyìí, ó lè pa ọ́. Ọkàn rẹ ti ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù, àwọn tí irú rẹ̀ ṣe máa ń gbádùn. Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ fi pamọ́: èmi fúnra mi ò mọ àìsàn yìí tó. Àwọn tó kọ́ nípa rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Màá bá ọ lọ."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n tó."

Ó jọ pé ìyẹn ló tù ú lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín díẹ̀ yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, èyí tí wọn kò tíì rí láti ọjọ́ tó ti ń wá.

Wọ́n ṣàdéhùn. Kò sí oògùn tí kò ní mọ̀. Bí dókítà bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún màmá, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n, yóò kọ̀yìn sí i, Judith ni yóò kà á. "Bó o bá sì sọ fún mi pé o ò jẹun," ni dókítà wí, "mi ò ní bínú. Bí mo bá bínú, dìde kó o máa lọ." Ìdára ní òun gbọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun sọ fún ìyá òun, Judith sì lọ pè é wọlé láti ìta, níbi tó ti dúró látìgbà tó ti tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá. Ohun tí ìyá àti ọmọ jọ sọ fúnra wọn, èdè Ìkálẹ̀ ni, wọ́n sì gbá ara wọn mọ́ra tí a kò fi gbọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi ibi tí Salome ti ń béèrè pé ta ló máa wá bẹ ewúrẹ́ báyìí.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n dá a dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ikùn tó ti pẹ́ tí ebi ti ń pa kì í fẹ́ kí wọ́n yà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni dókítà fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó jẹ́ pé bíbá irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ìdára sì fúnra rẹ̀ lọ bá Wòlíì Benedict, olórí ìjọ wọn, dókítà tẹ̀lé e, kò sọ̀rọ̀ àyàfi ìgbà tí wọ́n bi í. Wòlíì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ààwẹ̀ tí a kò bá ṣínu rẹ̀, ẹrù ni. Èmi ni mo gbé e rù ú." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gbàdúrà sí omi kan nínú ife, ó fi ṣínu fún un níwájú gbogbo ìjọ. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lórí pẹpẹ mọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ wá lọ geere. Òṣùwọ̀n a gòkè, a tún sọ̀ kalẹ̀, a tún gòkè. Ọjọ́ ń bẹ tí Ìdára kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà ti yí padà. Dókítà ti ń sọ fún àwọn ọmọdé báyìí pé, "Abẹ́rẹ́ yìí máa dùn ọ́, àmọ́ kò ní pẹ́." Kí wọ́n tó gún wọn rárá ni igbe ti ń sọ. Judith ní òtítọ́ dókítà yìí máa sọ òun di adití.

Ọyẹ́ ti mú nígbà tí Ọjọ́rú tí mo fẹ́ sọ dé. Ọ̀sẹ̀ méje ni òṣùwọ̀n ti ń gòkè láìsí èkùrọ́ nínú rẹ̀. Ìdára wọ gáùn àǹkárá kan, ó wọ bàtà, ó gbé púpurú kan lọ́wọ́, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Judith gbà á, ó kàn án ní ìkúùkù, ó tẹ́tí, ó mi orí bí ògbóǹtarìgì. Dókítà ń wá fáìlì, inú rẹ̀ ti ń dùn ṣáájú.

Ìdára kò lọ síbi òṣùwọ̀n. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Dókítà, mi ò jẹun lánàá. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sọ fún Màmá pé mo ti jẹ, mo gbé e fún ajá. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mi ò tíì jẹ nǹkan kan lónìí náà." Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú dókítà. "Ẹ̀rù yẹn ló tún dé."

Dókítà fi fáìlì sílẹ̀. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ẹ ò bínú?" ni Ìdára bi í.

"Inú mi dùn," ló wí, ó sì dùn lóòótọ́, ó dùn ju ti gbogbo ọjọ́ tí òṣùwọ̀n fi ń gòkè lọ. Kò sẹ́ni tó fún ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti abúlé wọn. "Ta ló máa sọ fún màmá?"

"Èmi ni. Tí mo bá délé."

Judith ti jáde. Ó padà dé pẹ̀lú ògì gbígbóná nínú ife mẹ́ta, nítorí pé dókítà náà kò tíì jẹun láti àárọ̀, òun Judith sì ti jẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́ rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Ìdára di ife tirẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń mu ún. Nígbà tó ku díẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbé ife náà sílẹ̀.

"Èyí tí mo lè mu lónìí nìyẹn," ló wí.

Dókítà gbà á gbọ́.